Píìnì kúróṣéè ẹ̀gbọ́n mi

Lánàá, mo fẹ́ so tàpólì iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi. Okùn Dyneema mílímítà 2 ló wà lọ́wọ́ mi, okùn oníke tó lágbára gan-an, irú èyí tí wọ́n hun tí inú rẹ̀ ṣófo. N kì í ta irú okùn yẹn ní kókó, torí kókó lè gba nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀, ó sì tún ń yọ̀. Ìrù rẹ̀ là ń kì bọ inú ara rẹ̀ kó fi di ojóbó. Bí ẹrù bá ṣe ń fà á tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe fún ìrù náà pa.

Fid, irin tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí, èyí tí mo ní ti tóbi jù. Mo ká wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sí méjì. Ó wọlé, àmọ́ ó ń há mọ́ òwú. Ni ojú mi bá lọ sára píìnì kúróṣéè tí wọ́n fi ń ṣe irun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní píìnì yín."

"Má bà á jẹ́ o!"

Ẹ wo ahọ́n kékeré ẹnu rẹ̀! Ó ṣí, mo fi ìrù okùn kọ́ ọ, mo fà á, ahọ́n pa dé, kò kọ́ òwú kankan. Okùn wú bí ejò tó gbé eku mì. Ìlọ́po 72 ìnípọn okùn ni mo máa ń kì wọlé, ìyẹn mílímítà 144. Mo ti kọ́kọ́ gé òwú ìrù náà lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè máa tín-ín-rín lọ. Lẹ́yìn náà, mo fi abẹ́rẹ́ rán ọrùn ojóbó náà.

Atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ dé, tàpólì ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ojóbó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró digbí.