Ìwé inú ọ̀rá dúdú

Ọjọ́rú, alẹ́. Wọ́n ti mú iná lọ, fóònù ni mo fi ń kọ èyí.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ò tíì lù tí màmá kan ti dé iwájú tábìlì mi, ọ̀rá dúdú kan lọ́wọ́ wọn, wọ́n lọ́ ẹnu rẹ̀ mọ́wọ́ bí ẹni tó gbé owó àjọ dání. Wọn ò jókòó. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin náà ò ní ní kí n lọ síbòmíì?" Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ìdí tábìlì ètò ìlera ìjọba ní ọsìbítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ mi ò tilẹ̀ rántí sọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè yẹn ló gbà mí lọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta nìyí tí wọ́n ti ń wá. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń bá wọn jà, ojú wọn sì ti ń ṣe bàìbàì. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ọkọ wọn ń ṣe, nítorí náà orúkọ màmá wà nínú ètò adójútòfò ìlera, èyí tó kan òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, aya tàbí ọkọ rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Òfin ọdún 2022 ti pa orúkọ ètò náà dà sí NHIA, ṣùgbọ́n NHIS náà la ṣì ń pè é, òun ló ṣì wà lára pátákó tó wà lókè orí mi. Màmá ní káàdì. Ẹni tó máa sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó ni wọn ò ní.

Mo ní kí wọ́n jókòó, a jọ tú ọ̀rá náà sórí tábìlì. Rìsíìtì méjì. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọdún tó kọjá, òógùn ti pa ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mẹ́ta. Ìwé ìrìbọmi ọmọ wọn kan, torí ẹnì kan ti ní kí wọ́n kó gbogbo ìwé wọn wá. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní kíká mẹ́rin, ni lẹ́tà tí dọ́kítà ọsìbítù àdúgbò wọn kọ pé kí a bá òun yẹ ojú wọn wò. Lẹ́tà yẹn gan-an ni gbogbo fèrèsé ti ń béèrè láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. "Referral dà?" ni wọ́n ń wí. Kò sẹ́ni tó wí pé, "Màmá, lẹ́tà tí dọ́kítà fún yín ńkọ́?" Màmá rò pé ọ̀rọ̀ àìsàn àwọn ló wà nínú rẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kí ẹlòmíì kà á.

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Màmá yìí béèrè o. Ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì ní kí wọ́n lọ síbi ìsanwó, ibi ìsanwó ní kí wọ́n lọ bá àwọn NHIS, ẹni tó jókòó sídìí tábìlì lọ́jọ́ yẹn ní kí wọ́n lọ gba kóòdù wá. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún wọn nínú gbogbo wa. Kálukú sọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan òun, a sì nàka. Ó dùn mí, torí èmi náà ti nàka bẹ́ẹ̀ rí lọ́jọ́ tí èrò pọ̀.

Kóòdù ló máa ń ṣòro jù láti ṣàlàyé. Tẹ́lẹ̀, mà á ní: ọsìbítù tí ẹ fi orúkọ sí ló kọ́kọ́ máa tọ́jú yín, bó bá ju agbára wọn lọ, wọn á kọ lẹ́tà, HMO, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó owó ìtọ́jú yín, á wá fún wa ní nọ́ńbà tó jẹ́rìí pé àwọn máa san án. Kí n tó sọ ọ́ tán, ojú onítọ̀hún á ti kúrò lára mi. Lónìí mo ní, "Màmá, ṣé ẹ mọ àrokò?" Wọ́n ní bàbá àwọn máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Òun ni kóòdù. Bí HMO ò bá fi ránṣẹ́ sí wa, a ò lè mọ̀ pé wọ́n mọ̀ sí wíwá yín." Wọ́n mirí. "Háà, ọmọ mi. Ṣé ohun tí wọ́n ń wí nìyẹn?"

Ti pàjáwìrì yàtọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ gbá, aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kì í dúró de kóòdù. Òfin ìlera ọdún 2014 ní ọsìbítù kankan ò gbọ́dọ̀ kọ irú wọn, ohun yòówù kó fà á. Mo máa ń sọ èyí fún gbogbo ẹni tó bá jókòó síwájú mi, mo sì sọ ọ́ fún màmá náà.

Mo pe HMO, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìpè já. Aago 11 ti ń lọ lù kí nọ́ńbà náà tó wọlé. Mo fi bíírò kọ ọ́ gàdàgbà sórí lẹ́tà náà. Nígbà tí wọ́n fi máa kúrò lọ́dọ̀ dọ́kítà tí a sì dé ibi oògùn, iye oògùn wọn jẹ́ ₦8,400, ₦840 ni wọ́n ní kí wọ́n san. Màmá san án, wọ́n wá dúró sójú kan. "Ìyókù ńkọ́? Ṣé wọn ò ní lọ máa bi ọkọ mi?" Mo ní ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oògùn ni tiwọn, ọrùn ètò náà ni ìyókù wà. Wọ́n gbé rìsíìtì náà súnmọ́ ojú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú wọn, wọ́n ń fìka tọ nọ́ńbà ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti ń fi owó ọjà wọn ra oògùn ṣúgà ní kẹ́mísì àdúgbò, tí káàdì yẹn wà nínú àpótí.

Ọ̀la ni wọ́n ń padà bọ̀ fún àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Mo ní wọn ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sẹ́nu láti aago mẹ́wàá alẹ́ òní. Ìgbà tí mo bu omi mu báyìí ni mo rántí pé mi ò sọ fún wọn pé wọ́n lè mu omi. Bí a bá ṣe wí ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ òùngbẹ wà lára ohun tí àìsàn yẹn ń fi jẹ wọ́n níyà. Inú fáìlì ni nọ́ńbà ọkọ wọn wà, fáìlì sì wà lọ́fíìsì. Aago mẹ́fà ni mo máa jáde nílé, mà á gbé omi dání.