Ìwé ìpàdé Bàbá

Àbúrò mi tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn pè wá ní Kàbà láàárọ̀ yìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Kenneth Dike Library, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ìwé tó ṣọ̀wọ́n sí. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í gbé wọn lọ sílé, ibẹ̀ lèèyàn á jókòó sí kà wọ́n. Ọ̀dọ̀ wọn ni lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ Herbert Macaulay wà, olóṣèlú Èkó tó ti kú láti 1946!

Bàbá gba fóònù. “Ti ìgbà Kabba Province, nígbà ìjọba òyìnbó, ńkọ́?”

“Bàbá, ẹ̀yin náà ní ti yín lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,” ni àbúrò mi dáhùn.

Wọn ò fèsì. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé ìwé ìpàdé ọmọ ìlú jáde, òórùn kánfọ̀ gba gbogbo pálọ̀. Ikán ti jẹ etí rẹ̀ kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn tí kò mọ̀wé, ìtẹ̀ka wọn wà níbẹ̀, ìlà àtàǹpàkò ṣì hàn kedere. Ọ̀kan tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, bóyá ó rò pé àkọ́kọ́ ò mú.

Mo ní ká fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn kí wọ́n bá wa yà á ní fọ́tò, kí wọ́n dá a padà. Bàbá fajú ro. “Ìwé yìí ò ní wọ mọ́tò gba ọ̀nà Òmùò. Kí wọ́n wá bá a níbí.”

Mi ò bá wọn jiyàn, àmọ́ ikán ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Fóònù mi ni màá fi bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní.

Ẹ̀yin ará Ìsánlú, Mọ̀pà, Ẹ̀gbẹ̀, ṣé irú ìwé báyìí wà nílé yín? Ta ló ń ṣọ́ ọ?