Ọjọ́ Méje Nínú Omi: Àyẹ̀wò Ọdún Mi

Oṣù kẹfà nìkan ni mo rí nínú ọdún yìí. Àwọn oṣù yòókù ti pòórá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀, ẹ mọ Àlájì. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́ nílé àyẹ̀wò ọ̀dà títì wa ní Àjàṣẹ́ níbí. Àwọn ló gbé òòlù Marshall, èyí tí a fi ń lu àpòpọ̀ ọ̀dà àti òkúta di ìṣù, lé mi lọ́wọ́, tí wọ́n ní kí n ka àádọ́ta ìlù lójú kan, àádọ́ta lójú kejì, kí n má fo ọ̀kan.

Lọ́jọ́rú kan, èmi àti wọn ti ìṣù ọ̀dà bọ omi fún àyẹ̀wò Duriez. Ìdajì á wà nínú omi fún ọjọ́ méje, ìdajì á wà ní gbígbẹ, gbogbo rẹ̀ ní 18 °C. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ á tẹ̀ wọ́n fọ́, a ó fi agbára èyí tó mumi wé ti èyí tó gbẹ. Lóru ọjọ́ kejì, Àlájì papò dà.

Mi ò lè sọ ti ilé òkú. Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí ìṣù.

Fídáù ku ọ̀la nígbà tí mo kó wọn jáde. Agbára èyí tó mumi jẹ́ 0,62 ti èyí tó gbẹ. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ ní kò gbọdọ̀ dín ní 0,75. Akọ òkúta ni a lò, irú èyí tó dúró gàgàrà ní Sábẹ̀ lọ́hùn-ún: ó le, ṣùgbọ́n ó fẹ́ omi ju ọ̀dà lọ. Omi á yọ́ wọ àárín àwọn méjèèjì, á bó ọ̀dà kúrò lára òkúta.

Agbaṣẹ́ṣe kan pè mí pé kí n ṣáà kọ 0,75. Ó dùn mí wọnú eegun, torí ó mọ̀ pé Àlájì ò sí mọ́. Mo kọ 0,62. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orúkọ èmi nìkan wà nídìí ìwé.

A tún un pò, a fi ìyẹ̀fun òkúta ẹfun tí wọ́n sun sí i. Ó di 0,81. Oṣù tó kọjá ni wọ́n tẹ́ ẹ, kò tíì rí òjò gidi. Tí òjò oṣù kẹrin bá dé, màá lọ fẹsẹ̀ rìn ín.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó Àlájì tí wọ́n fi aago ìkàṣẹ́jú wọn ránṣẹ́ sí mi. Orí ìṣó ló wà, mi ò tíì lè lò ó. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi béèrè lánàá bóyá òun lè mú un. Mo ní kó dọjọ́ Ajé, tí ìṣù tuntun bá fẹ́ wọ omi.