Bíréèsì orúnkún ajá: ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yin dókítà ẹran tó ń bọ̀ lẹ́yìn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé ìwòsàn ẹranko, bí ẹ óò ṣe bá bíréèsì orúnkún, ohun tí wọ́n ń dè mọ́ orúnkún ajá láti gbé e ró, pàdé rèé. Ọ̀gá kan á gbé Boerboel rẹ̀ wá láti Lẹ́kí, ajá ń tiro, ọ̀gá á na fóònù sí yín pé òun ti rí nǹkan kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé kí òun rà á. Kí ẹ tó dáhùn, ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀gá náà. Ọmọkùnrin tó di okùn ajá mú, ẹni tó ń ṣọ́ géètì tó tún ń fọ ilé ajá, òun gan-an lẹ máa bá ṣiṣẹ́. Òun ló máa wọ bíréèsì náà fún ajá láàárọ̀, òun ló máa bọ́ ọ, òun ló sì máa kọ́kọ́ rí ibi tó ti bó. Ọ̀gá á sanwó, á sì padà sí ọ́fíìsì.

Mo máa padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin náà. Ẹ jẹ́ ká wo inú orúnkún ná.

Lára ènìyàn, iṣan cruciate, èyí tó so eegun itan mọ́ eegun ojúgun nínú orúnkún, sábà máa ń já lójijì, bíi ti agbábọ́ọ̀lù tó yí ẹsẹ̀ padà lórí pápá. Ti ajá kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Iṣan náà á máa gbó díẹ̀díẹ̀, fọ́nrán kan á já lónìí, òmíràn á já lóṣù tó ń bọ̀, títí ajá á fi fò sílẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kan tí èyí tó ṣẹ́kù á já. Olówó rẹ̀ á ní àtẹ̀gùn ló fà á. Àtẹ̀gùn kọ́. Ìdí tí ẹsẹ̀ kejì fi máa ń tẹ̀lé e náà nìyẹn: nínú ajá mẹ́wàá tí ọ̀kan bá já fún, mẹ́rin sí mẹ́fà ni èkejì máa já fún tó bá yá. Ẹ sọ èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n má baà ní bíréèsì yín ló ba ẹsẹ̀ kejì jẹ́.

Orí eegun ojúgun ajá kò tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dagẹ̀rẹ́ sẹ́yìn. Gbogbo ìgbà tí ajá bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, eegun itan fẹ́ yọ̀ gba ìdagẹ̀rẹ́ yẹn lọ sẹ́yìn, eegun ojúgun sì fẹ́ yọ síwájú. Cruciate ló ń dì í mú. Ohun tí dókítà ẹran Barclay Slocum rí nìyẹn ní Amẹ́ríkà, tó fi gbé iṣẹ́ abẹ TPLO jáde ní 1993: kò wá bó ṣe máa tún iṣan ṣe, ó gé orí eegun, ó yí i kí ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ dín kù, ó fi irin dè é. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí bíréèsì náà kò ní í so iṣan tó já pọ̀. Iṣan yẹn ti lọ nìyẹn. Ohun tí bíréèsì ń ṣe ni pé ó ń dín ìyọ̀síwájú yẹn kù láti ìta, kí ara lè ráyè fi àpá líle yí orúnkún ká, kí ẹran itan sì padà. Bí ara kò bá ṣe tirẹ̀, pílásítíìkì lásán lẹ gbé kọ́ ajá lẹ́sẹ̀.

Ajá wo ló yẹ? Ní 1984, dókítà ẹran kan tó ń jẹ́ Vasseur gbé èsì ajá 85 jáde tí wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Nínú àwọn tí kò ju kìlógíráàmù 15 lọ, nǹkan bí 86 nínú ọgọ́rùn-ún ló sàn tàbí tó ń rìn dáadáa sí i. Nínú àwọn tó wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, 19 péré ni. Nítorí náà, tí wọ́n bá fi fídíò Lhasa kan, ajá kékeré, hàn yín tó wọ bíréèsì tó sì ń sáré lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ṣeé ṣe kí Lhasa yẹn sáré láìwọ nǹkan kan. Ajá ńlá ni wàhálà wà lọ́rùn rẹ̀, fún irú rẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Bíréèsì ń bọ̀ lẹ́yìn: fún ajá tó ti darúgbó, fún èyí tí ọkàn rẹ̀ kò lè gba abẹ́rẹ́ oorun, fún ilé tí owó iṣẹ́ abẹ kò sí, fún ibi tí kò sí ẹni tó ní irinṣẹ́ rẹ̀ nítòsí. Ìdí gidi ni gbogbo wọn, ẹ má fi ojú tẹ́ńbẹ́lú olówó ajá tó bá sọ ọ̀kan nínú wọn.

Àmọ́ ẹ rí i dájú pé orúnkún ló ń dùn ún. Ọ̀pọ̀ Boerboel àti Rottweiler tó ń tiro, ìbàdí ló ń dà wọ́n láàmú. Ẹ ní kí ajá jókòó: tó bá na ẹsẹ̀ kan síta tí kò ká a sábẹ́ ara, ẹ fura sí orúnkún. Ẹ tẹ inú orúnkún níhà tó kọjú sí ẹsẹ̀ kejì, bóyá ó ti le gbandi. Ajá tó tóbi tí ẹ̀rù ń bà á máa fún ẹran itan pọ̀, eegun ojúgun kò sì ní í yọ̀ lọ́wọ́ yín bí ẹ bá ń tì í síwájú wò. Ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ oorun díẹ̀ kí ẹ tó sọ pé kò sí nǹkan kan. Bí orúnkún bá ń dún kaka tí ìrora sì le, meniscus, ìrọ̀rí tó wà láàárín eegun méjèèjì nínú orúnkún, ti lè ya, bíréèsì kankan kò ní í ràn án lọ́wọ́.

Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà. Èyí tó dà bí ìbọ̀sẹ̀ rọ́bà máa ń mú orúnkún gbóná, ó lè mú kí ara tu ajá díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dí eegun lọ́wọ́ kó má yọ̀. Èkejì ni èyí tí wọ́n fi P.O.P tàbí fiberglass gba àwòrán ẹsẹ̀ ajá gan-an, kí wọ́n tó fi pílásítíìkì líle ṣe apá òkè àti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú hínjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún. Èyí ni mo ń pè ní bíréèsì. Ẹ má jẹ́ kí olówó ajá wọn ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ nílé, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ibi tí orúnkún ajá wà. Oríkèé tó yọ gọngọ sẹ́yìn nísàlẹ̀ ni wọ́n ń nawọ́ sí, ọrùn ẹsẹ̀ sì ni. Orúnkún wà lókè, nítòsí ikùn, irun bò ó. Kí ajá dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gba àwòrán, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí oríkèé ti ń ká, torí bí hínjì bá fi díẹ̀ yẹ̀, gbogbo ìgbésẹ̀ ló máa fa awọ.

Àwọn oníṣẹ́ tó ń ṣe bíréèsì fún ènìyàn nílẹ̀ wa mọ pílásítíìkì dunjú, ẹ lè bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ kàn sọ fún wọn pé itan ajá rí bí kóònù áísìkirímù: ó fẹ̀ lókè, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀, irun sì ń mú un yọ̀. Bíréèsì tó dúró dáadáa lórí tábìlì á máa ṣí wálẹ̀ bí ajá bá rìn. Ẹni tí kò bá mọ èyí máa fún bẹ́líìtì pọ̀ jù, egbò á sì dé.

Ọ̀rọ̀ egbò kì í ṣe kékeré. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2016, tí wọ́n bi àwọn olówó ajá léèrè, nǹkan bí 46 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo bíréèsì ló rí egbò lára ajá wọn. Síbẹ̀, àwọn tó ní àwọn á tún yàn án lé ní 85 nínú ọgọ́rùn-ún. (Èrò olówó ajá nìyẹn o, wọn ò fi ẹ̀rọ wọn ìrìn ajá níbẹ̀.) Nínú ooru Èkó, tí òógùn kò ní ibi gbà jáde lábẹ́ fóòmù, mi ò rò pé tiwa máa kéré sí i.

Ibí ni mo ti padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin géètì. Ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́ fún ajá lójú yín, kó bọ́ ọ, kó tún un wọ̀. Ẹ fi máákà kọ 1, 2, 3, 4 sára bẹ́líìtì, torí ó lè má gbọ́ Yorùbá, ó sì lè má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wákàtí kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó máa fi díẹ̀díẹ̀ lé e. Bó bá ti bọ́ ọ, kó ṣí irun, kó wo awọ. Pupa tó bá lọ kíákíá kò burú. Pupa tó dúró, tàbí ibi tó tutù rinrin, kó má wọ̀ ọ́ mọ́ títí ẹ óò fi rí i. Ẹ fún un ní nọ́ńbà yín kó máa fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp láì gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, ẹ máa fi orúkọ pè é. Ọmọ tí dókítà bá kà sí, á ka ajá sí.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni ti òru. Bíréèsì kì í ṣe aṣọ oorun, wọ́n gbọ́dọ̀ bọ́ ọ kí ajá tó sùn. Ṣùgbọ́n ajá ìṣọ́ ilẹ̀ wa, ọ̀sán ni wọ́n ń tì í mọ́lé, alẹ́ ni wọ́n ń tú u sílẹ̀. Ẹ̀ẹ́ wá rí i pé ajá wọ bíréèsì nínú àgò látàárọ̀ láìrìn, lálẹ́ wọ́n á bọ́ ọ, á sì sáré yípo ọgbà lórí táìlì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ sọ fún ọ̀gá pé fún oṣù mélòó kan, kò ní ajá ìṣọ́. Bó bá ní kò ṣeé ṣe, ẹ má gba owó bíréèsì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyókù kò nílò àlàyé púpọ̀. Kí ajá fọn sí i. Kí wọ́n fi okùn mú un rìn jẹ́jẹ́, kí wọ́n máa mú un jókòó kó tún dìde, kí ẹran ẹ̀yìn itan lè le, torí òun ló ń fa eegun ojúgun sẹ́yìn. Kí wọ́n má ra ibuprofen tàbí diclofenac ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì fún un, ó lè pa á. Oògùn ìrora ti ajá, carprofen tàbí meloxicam, ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́, ẹ̀yin lẹ sì máa ka ìwọ̀n rẹ̀.

Ẹ máa fi téèpù wọn itan nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé e wá. Bó bá ń nípọn, bíréèsì nílò àtúnṣe, inú yín sì lè dùn. Bí oṣù méjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tí itan ń joro sí i tí ajá sì ń gbé ẹsẹ̀ náà, ẹ ti ń pẹ́, ẹ kọ lẹ́tà sí oníṣẹ́ abẹ. Bí ó bá sì sàn, olówó rẹ̀ á bi yín bóyá òun lè fún ọ̀rẹ́ òun ní bíréèsì náà fún ajá tirẹ̀. Rárá ni ìdáhùn, kódà bí ajá méjèèjì bá jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.