Nígbà tí ọyẹ́ bá dé sí oko kòkó

Ní apá Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀díẹ̀ láti ìparí oṣù kẹwàá, nígbà tó bá sì fi di oṣù kejìlá, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ti gbòde. Àsìkò ọyẹ́ yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú ọdún, nítorí òun ni kòkó máa ń gbẹ dáadáa.

Bí a bá ti fọ́ kòkó tán, a ó kó o jọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ 6, títí omi ara rẹ̀ yóò fi ro tán, tí òórùn rẹ̀ yóò sì máa ta síni nímú bí ọtí. Lẹ́yìn náà ni a ó sá a sórí ẹní. Àwọn ìyá wa a máa fi ọwọ́ yí i padà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọn a sì ṣa èyí tó bá ti bu kúrò. Bí wọ́n bá fún ẹ̀kúnwọ́ kan pọ̀ tó sì dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ó ti gbẹ nìyẹn.

Òwúrọ̀ a máa tutù débi pé ìdí iná ni tọmọdé tàgbà ń jókòó sí, òrí ni a sì fi ń pa ètè kí ó má baà là.

Iná oko ló ń kọ mí lóminú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro àyíká oko yín mọ́ kí ọyẹ́ tó le, nítorí igi kòkó tí iná bá jó, bí a bá tún òmíràn gbìn, ó tó ọdún 3 sí 5 kó tó so.