Orí fífọ́ inú mọ́tò

Ọkọ̀ akérò kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù wa nítòsí Tákíé, n'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí. Dẹ́rẹ́bà ní orí máa ń fọ́ àwọn èrò ẹ̀yìn, òòyì á tún máa kọ́ wọn, àmọ́ tí wọ́n bá ti bọ́ọ́lẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í tù wọ́n. Oòrùn ni wọ́n ń di ẹ̀bi rù!

A jáákì ọkọ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó ń dí ojú ìsopọ̀ kí èéfín má bàa jò, níbi tí páìpù sàlẹ́ńsà ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, ti jó, èédú èéfín ti kun ibẹ̀ dúdú. Lábẹ́ àga ẹ̀yìn, ìpẹtà ti jẹ ihò tí àtàǹpàkò lè wọ̀. Rọ́bà búùtù pàápàá ti ya.

Ibẹ̀ ni carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín ọkọ̀, lè gbà wọlé bá àwọn èrò. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju oxygen lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Torí náà, "mi ò gbóòórùn èéfín" kì í ṣe ẹ̀rí.

Kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ẹ fi omi ọṣẹ kun àwọn ojú ìsopọ̀ páìpù, kí ẹ wá tan ọkọ̀, ní ìta gbangba o. Ibi tó bá ń hó ló ń jò. Bórí bá ń fọ́ èrò méjì-mẹ́ta pọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ dúró, ẹ pa ọkọ̀, kí gbogbo wọn bọ́ sí afẹ́fẹ́, kẹ́ ẹ sì lọ ọsibítù.

Ta ló ti wọ irú ọkọ̀ yìí rí? Ẹ̀yìn lẹ jókòó sí àbí iwájú?