Iye tí a kò rí kọ: NAN nínú C

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta gàrí lọ́jà Òkè-Àjé, Ìjẹ̀bú-Òde. Èmi ni mo ń bá a fi C, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣírò iye owó kóńgò àti èrè ojoojúmọ́. Àlàfo kì í wọ́n níbẹ̀: ọjọ́ òkú, ọjọ́ tí Agẹmọ ń kọjá tí obìnrin kò gbọdọ̀ jáde, ọjọ́ tí kò kàn sáyè láti kọ nǹkan.

"Fi òdo síbẹ̀ jàre," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá fi òdo síbẹ̀, a jẹ́ pé ẹ fi gàrí ṣe sàráà lọ́jọ́ yẹn."

-1 tí àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà fẹ́ràn tún burú jù ú lọ: a bu gàrí fún oníbàárà, a tún fi náírà kan lé e lọ́wọ́!

NAN ni mo ń lò, ìyẹn Not a Number: àmì pé kì í ṣe nọ́ńbà ló wà níbẹ̀. Inú math.h, fáìlì ìṣirò tó bá C wá, ló wà láti C99, ẹ̀dà C ti ọdún 1999; ìwà rẹ̀ sì ti inú òfin IEEE 754 ti ọdún 1985 lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣírò nọ́ńbà onídẹ́símà wá, èyí tí onímọ̀ ìṣirò William Kahan ṣe gudugudu méje lé lórí. Bí 1,200 àti 1,300 bá pàdé NAN nínú àròpọ̀, NAN ni yóò jáde. Àwọn kan ń bínú pé ó ń ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ gan-an nìyẹn. Òdo ì bá ti fa ìpíndọ́gba wálẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò fura.

Ẹ má kọ x == NAN o. NAN kò bá ohunkóhun dọ́gba, títí kan òun fúnra rẹ̀. isnan(x), tó ń béèrè bóyá NAN ni x, ni kí ẹ lò. Ẹ sì yọ -ffast-math, tó ń mú ìṣirò yára, kúrò nínú àṣẹ gcc, ètò tó ń sọ C di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe. Ohun tó ń sọ ni pé NAN kò ní í wáyé láé, isnan náà lè wá di adití.

Bí mo bá ń wá iye tó kéré jù, INFINITY, iye tó ju gbogbo iye lọ, ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. NAN á kọjá lọ fúnra rẹ̀, torí x < kereju (kereju ni iye tó kéré jù tí a ti rí) kì í jẹ́ òótọ́ fún un. Fún èrè tó ga jù, -INFINITY ni. Àwọn kan máa ń fi DBL_MIN síbẹ̀, wọ́n rò pé òun ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Rárá o. Nǹkan bí 2.2e-308 ni; bíńtín ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ju òdo lọ. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá fi gbogbo ọ̀sẹ̀ pàdánù, DBL_MIN ni yóò jókòó síbẹ̀ bí èrè tó ga jù.

printf, tó ń tẹ èsì jáde, náà ní tirẹ̀: lórí Linux mi, 0.0/0.0 sábà máa ń jáde bí -nan. Àmì iwájú yẹn kò já mọ́ nǹkan kan fún wa. Nínú ìwé tí mo ń tẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, "kò sọ́jà" ni mo ń kọ síbẹ̀.